Ṣé mo lè gba ẹjọ́ mi lọ́wọ́ lọ́yà kí ínṣọ́ránsì tó sanwó?

Màmá kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Ó di oṣù 10 tí ọkọ̀ kan ti kọlù mí látẹ̀yìn, níbi tí mo dúró sí kí iná ojú pópó tó yọ̀ǹda wa. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí. Ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún, n kò lè fi ṣí ìdérí ìgò. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti gba lọ́yà, a sì jọ buwọ́ lùwé pé ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó bá wọlé ni tirẹ̀, pé bí owó kò bá wọlé, kò sí tirẹ̀. Láti oṣù 3 sẹ́yìn, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí mo bá pè, akọ̀wé á ní ó wà nílé ẹjọ́. Ínṣọ́ránsì ẹni tó kọlù mí ti dárúkọ iye kan. Lọ́yà ní ó kéré, kí n má gbà á. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n lé lọ́yà náà, kí n lọ bá ínṣọ́ránsì fúnra mi, kí gbogbo owó lè jẹ́ tèmi. Ṣé mo lè lé e? Àbí màá wá máa sanwó fún lọ́yà méjì?"

Ẹ kú ewu o, màmá. Ẹ̀mí kò lọ sí i, ìyẹn la ó kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Ọdún 19 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹjọ́ àwọn tí ọkọ̀ kọlù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń ṣe. Wọ́n ti gba fáìlì lọ́wọ́ mi rí, èmi náà sì ti gba fáìlì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí náà mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè lé e. Ohun tó mú kí n jókòó kọ ìdáhùn gígùn ni pé ohun tí àbúrò yín rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lé e kọ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́. Iṣẹ́ ni lọ́yà ń bá yín jẹ́. Mo ti rí àwọn tó rò pé nítorí àwọn ti buwọ́ lùwé, àwọn kò lè kúrò lọ́dọ̀ lọ́yà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1916 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Martin àti Camp pé oníbàárà lè yọ lọ́yà rẹ̀ nígbàkigbà. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California sọ irú rẹ̀ lọ́dún 1972 nínú ẹjọ́ Fracasse àti Brent, pé ẹ lè ní ìdí, ẹ sì lè má ní. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé orí ìgbẹ́kẹ̀lé ni iṣẹ́ lọ́yà dúró lé. Bí ọkàn yín bá ti kúrò lára ẹni tó mú àṣírí ara àti àpò yín lọ́wọ́, kò sí òfin tó bọ́gbọ́n mu tó máa ní kí ẹ fi dandan fi í síbẹ̀. Ohun kan tún so mọ́ èyí: gbígba iye tí ínṣọ́ránsì dárúkọ tàbí kíkọ̀ ọ́, ọwọ́ yín ló wà. Ìlànà ìwà tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1983 sọ ọ́ gbangba pé ohun tí oníbàárà bá pinnu lórí ìparí ẹjọ́ ni lọ́yà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nígbà tí lọ́yà yín ní kí ẹ má gbà á, ìmọ̀ràn ló fún yín. Kì í ṣe àṣẹ.

Ibi tí àbúrò yín ti ṣìnà ni ọ̀rọ̀ owó. Ó rò pé bí ẹ bá ti lé lọ́yà, owó rẹ̀ náà ti bá a lọ. Owó iṣẹ́ tó ti ṣe kì í bá a lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé àdéhùn ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn lè kásẹ̀ nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òfin á wá bèèrè pé: iṣẹ́ tí lọ́yà yìí ti ṣe kí ẹ tó lé e, èló ló tó? Iye yẹn ni yóò gbà. Ní California, kò lè gbà á títí owó yóò fi wọlé. Bí kò bá sí owó tó wọlé, òfo ni tiyín àti tirẹ̀. Ní Florida, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ sọ lọ́dún 1982, nínú ẹjọ́ Rosenberg àti Levin, pé iye náà kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí ìwé àdéhùn ì bá fún un lọ. Ní New York, bí ẹ bá lé e nítorí àṣìṣe ńlá tí ọwọ́ rẹ̀ fà, ó lè má rí kọ́bọ̀ gbà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: ìwé àdéhùn tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ sọ pé bí ẹ bá kúrò kí ẹjọ́ tó parí, lọ́yà lè ní kí ẹ san owó iṣẹ́ tó ti ṣe lójú ẹsẹ̀, tàbí kó dúró kó gbà á pẹ̀lú èlé àṣeyọrí, ìyẹn owó àfikún tí lọ́yà ń gbà nítorí pé ẹjọ́ yọrí sí rere, bí ẹ bá padà borí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé sí ọ́fíìsì mi pé kí wọ́n mú ìwé àdéhùn náà dání, kí a jọ kà á, pàápàá ibi tí wọ́n kọ ní lẹ́tà kéékèèké nípa "bí oníbàárà bá yọ lọ́yà."

Ohun kan wà nínú ẹjọ́ Fracasse yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, nítorí ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn adájọ́ ní bí oníbàárà bá dúró títí ẹjọ́ fi dé ẹnu àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, tí owó ti fẹ́ bọ́ sọ́wọ́, kó tó wá lé lọ́yà, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tí lọ́yà ṣe tó odidi owó inú àdéhùn. Ínṣọ́ránsì ti dárúkọ iye kan fún yín. Bí ẹ bá lé lọ́yà lónìí tí ẹ sì gba iye yẹn lọ́la, ẹ ti pàdánù ẹni tó lè bá yín jà fún jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dájú pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ owó rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, owó tó ná sórí ẹjọ́ tún wà níbẹ̀: owó tó fi gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà, owó ilé ẹjọ́ bó bá ti pe ẹjọ́, owó ẹlẹ́rìí onímọ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní ẹ ó dá ìyẹn padà lọ́tọ̀.

Ní ti lọ́yà méjì, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo owó tó wọlé ní 90. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 30. Bí lọ́yà tuntun bá gba ẹjọ́ náà lórí ìdá kan náà, inú 30 yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ ti sábà máa ń gba tirẹ̀, bóyá 12, kí ẹni kejì mú 18. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ fà á láàárín ara wọn. 60 tiyín wà níbi tó wà. Àmọ́ ẹ má fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí lọ́yà tuntun kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé nínú ìpín tòun ni òun yóò ti yanjú ti ẹni àkọ́kọ́. Bó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ ti rí ìdáhùn yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, nítorí òun gan-an ló ń dùn yín. Oríṣi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ méjì ló wà, wọn kò sì jọra. Ọ̀kan jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tó ń dúró de ara yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ínṣọ́ránsì ń sanwó. Bí ẹ bá ti buwọ́ lu ìwé pé ẹ ti gbà, pé kò tún kù síbì kan, ó ti parí nìyẹn, kódà bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ abẹ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ dárúkọ owó kí dókítà tó sọ pé ibi tí ìwòsàn yín lè dé ló dé yìí. Mo ní oníbàárà kan tí ọrùn ọwọ́ dùn bíi tiyín. Àwòrán X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, wọ́n ní iṣan ló fà. Ó kó mi láyà sókè lóṣù kẹrin pé kí n gba owó tí wọ́n gbé wá, pé ó ti sú òun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká tún àwòrán yà. Egungun kékeré kan wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, tó fẹ̀gbẹ́ kan ọrùn ọwọ́. Bó bá sán, àwòrán àkọ́kọ́ máa ń fò ó nígbà mìíràn. Òun ló sán. Nígbà tí dókítà gbé àwòrán kejì sójú iná, obìnrin náà fi ìka tọ́ ìlà tín-ín-rín yẹn, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ká ní ó ti buwọ́ lùwé lóṣù kẹrin ni, àpò ara rẹ̀ ni ì bá fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ kò lè ṣí ìdérí ìgò lẹ́yìn oṣù 10, bóyá lọ́yà yín wà tàbí kò sí, ẹ jẹ́ kí dókítà tún ọrùn ọwọ́ yẹn wò kí ẹ tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kejì ni ti ẹni tó ti gbàgbé yín. Fáìlì pọ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, tiyín sì ti wọ ìsàlẹ̀. N kò ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Oṣù 3 láìgbọ́ ohùn lọ́yà ti pọ̀ jù, ì báà jẹ́ ara yín ló ń dúró dè. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà méjì tó pé kí ó sọ fún yín pé "ìwé dókítà la ń retí." Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àmọ́ láti ibi tí mo wà, n kò lè mọ èyí tí tiyín jẹ́ nínú méjèèjì. Ẹnu yín nìkan ni mo gbọ́, àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. N kò rí ìwé àdéhùn yín, ẹ kò sì sọ ibi tí ẹ ń gbé fún mi.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ kọ ímeèlì tàbí lẹ́tà sí i, ẹ fi fóònù sílẹ̀, nítorí ìpè kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tó ṣe kẹ́yìn lórí ẹjọ́ yín àti ọjọ́ tó ṣe é, ohun tó ń dúró dè, àti ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí òfin gbà kí ẹ fi pe ẹjọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ 10. Ìbéèrè kẹta yẹn ni kí ẹ fojú sí jù. Lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ á sọ ọjọ́ náà fún yín lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń lọ́ tìkọ̀, tàbí tí ọjọ́ 10 kọjá tí kò sí èsì, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn láìfòyà.

Ọjọ́ gbèdéke yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 ni òfin fúnni lórí ìpalára. New York náà jẹ́ ọdún 3, California jẹ́ ọdún 2. Ní Tennessee, ọdún 1 péré ni. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ wà, oṣù 2 ló kù fún yín. Bí ọkọ̀ tó kọlù yín bá jẹ́ ti ìjọba, ó tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí wọn láàárín oṣù 6 ní California, ọjọ́ 90 ní New York. Sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú ínṣọ́ránsì kò sì dá aago yìí dúró, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò. Ọkùnrin kan wá bá mi rí, ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá kan tó ti ya létí. Ó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ lé lọ́yà rẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ 5, ó wá ń bá ínṣọ́ránsì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń dá a lóhùn dáadáa, wọ́n ń ní kó fi ìwé yìí ránṣẹ́, kó fi tọ̀hún ránṣẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọjọ́ ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ 9. Ọkọ̀ kọlù ú lóòótọ́, egungun ìhà rẹ̀ méjì ṣẹ́ lóòótọ́, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe fún un. Mo ṣì máa ń rántí bó ṣe ń kó àwọn ìwé náà padà sínú àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti pé kí ẹ lọ bá ínṣọ́ránsì fúnra yín, mo mọ ìgbà tó lè dára: bí ìpalára bá kéré, tí ara ti yá pátá, tí wọn kò jiyàn ẹni tó jẹ̀bi, tí kò sì tíì sí lọ́yà kankan nínú ọ̀rọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fúnra rẹ̀ parí i, kó sì mú gbogbo owó rẹ̀. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ínṣọ́ránsì tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ọmọlúàbí tòótọ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣojú fún. Ó máa ń gba ohùn sílẹ̀. Bó bá ní "Ṣé ara ti ń le?" tí ẹ sì dáhùn bí a ti ń dáhùn pé "A dúpẹ́, ó ti ń dáa," inú fáìlì ni gbólóhùn yẹn ń lọ, ẹ ó sì tún pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ẹ̀yìn yín kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Bí lọ́yà yín bá sì ti kọ̀wé sí wọn pé òun ní ẹ̀tọ́ lórí owó náà, ní Amẹ́ríkà wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sórí sọ̀wédowó. Ẹ kò ní lè nìkan gbà á ní báǹkì. Ínṣọ́ránsì ìlera tó san owó ìtọ́jú yín náà lè wá bèèrè tirẹ̀ nínú owó yẹn, iṣẹ́ lọ́yà sì ni láti bá wọn dúnàádúrà kó lè kéré.

Bí ẹ bá ti wá pinnu pé ẹ fẹ́ kúrò, ẹ má ṣe torí pé òjò ṣú da omi àmù nù. Ẹ rí lọ́yà tuntun ná, kó gbà lórí ìwé, kí ẹ tó lé ti àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ló ń fẹ́ gba fáìlì tó ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Èmi náà máa ń bèèrè ìdí, bí ọjọ́ gbèdéke bá sì ti sún mọ́ jù, mo ti kọ̀ rí. Bí ẹjọ́ bá ti wà nílé ẹjọ́, ìwé pàtàkì kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀ láti pààrọ̀ orúkọ lọ́yà, adájọ́ sì lè má tètè gbà bí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bá ti dé tán. Ní ti fáìlì, ní California lọ́yà kò lè mú un dání nítorí pé ẹ jẹ ẹ́ lówó, dandan ni kó kó o fún yín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè dì í mú títí wọn yóò fi sanwó tàbí tí lọ́yà tuntun yóò fi ṣèlérí lórí ìwé pé òun á san án.

Àwọn ìgbà kan wà tí n kò ní ní kí ẹ fi ọjọ́ 10 ṣòfò rárá: bí ẹ bá gbọ́ pé ó ti gba owó fún yín láìsọ, bó bá bá ínṣọ́ránsì parí rẹ̀ láìgba àṣẹ yín, bí ọjọ́ gbèdéke bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó ń fi agbára mú yín buwọ́ lu ohun tí kò yé yín. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá ẹlòmíràn, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìwà àwọn lọ́yà níbi tí ẹ ń gbé. Bó bá jẹ́ pé ó kàn lọ́ra ni, tó sì dáhùn lẹ́tà yín dáadáa, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ ní kó máa kọ̀wé sí yín lóṣooṣù.

Lẹ́tà tí ẹ ó fi gba ẹjọ́ náà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, ẹ má sì bú u nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé láti ọjọ́ òní, kò tún ṣojú yín mọ́ lórí ẹjọ́ yìí. Kó kó gbogbo fáìlì fún lọ́yà tuntun tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kó fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó ti ṣe àti owó tó ti ná ránṣẹ́. Kó má ṣe gba owó kankan tàbí fẹnu kò lórí ohunkóhun lórúkọ yín mọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹni tó bá gbà á yóò ti buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnìkan tí kì í ṣe inú ilé yín.